Ìdọ̀bálẹ̀ Ọmọ Mi

Àlàmísì, 14 Júùnù, 2012

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Akówonjó lónìí, mo sì kó wá sọ́dọ̀ Raheem ọmọ mi ní Ìgàndó. Hamdalah ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin ní Àtàláátà, ara tọmọ-tìyá sì le. Awọ àpò ìbí bo ọmọ náà lórí nígbà tó jáde, nọ́ọ̀sì ló fà á ya, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn lórí orúkọ rẹ̀: Sàlàkọ́ ni. Ìyá Hamdalah ti kú tipẹ́, nítorí náà èmi ni màá wẹ ọmọ, èmi ni màá sì tọ́jú ìyá ọmọ títí ara rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Kí àwọn oníbàárà mi máa ra òwú àti bọ́tìnnì níbòmíràn títí dìgbà náà. Kí wọ́n má ṣáà gbádùn ibẹ̀ jù.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, òórùn ààtàn Solous kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Raheem ní ó ti mọ́ àwọn lára. Ó fi iṣẹ́ jórinjórin rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gba báàgì mi lórí ọ̀kadà, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀. Obìnrin aláṣọ funfun kan tó ń gbé yàrá kejì, Ìyá Esther ni wọ́n ń pè é, rí i, ó ní, "Màmá, ẹ bímọ o." Inú mi dùn sí i.

Jímọ̀, 15 Júùnù

Mo wẹ ọmọ. Ó ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi àdín pa á lára, mo jù ú sókè díẹ̀ kí àyà má baà máa já a tó bá dàgbà. Kí n tó fi aṣọ wé e tán, ó ti sùn lọ.

Ó wá kan ìyá rẹ̀. Mo da omi gbóná sínú bàsíà, mo ní kó bọ́ra kí n fi tówẹ̀lì tẹ ikùn fún un. Ó ní òun á ṣe é fúnra òun. Mo ní kò sí ìyá ìkókó tó ń tẹ ikùn ara rẹ̀. Ó lọ́ra, ó lọ́ra, ó bọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì, láti abẹ́ ọmú títí dé ìbàdí, ti wú, ó sì ti dúdú.

"Kí lèyí?"

"Mo yọ̀ ní bàlúwẹ̀ ni, Màmá. Ọṣẹ ló wà nílẹ̀."

Mo tẹ ikùn rẹ̀, n kò jẹ́ kí tówẹ̀lì kan ẹ̀gbẹ́ náà. N kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wọ bàlúwẹ̀ ilé yìí. Sìmẹ́ńtì tí wọn kò dán ni, ẹsẹ̀ kì í yọ̀ níbẹ̀.

Àtàláátà, 19 Júùnù

A sọ ọmọ lórúkọ, Yahya Sàlàkọ́. Àgbò tí Raheem rà, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì, ìwo rẹ̀ sì ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ààfáà pé, oúnjẹ kárí. Bàbá Àmúsà, àna wa, gbẹ́nàgbẹ́nà, wá láti Àgbàdo, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání kò sì fẹ́ gbé e fún ẹnikẹ́ni. Hamdalah ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Mo ń ṣọ́ bó ṣe ń jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń sinmi.

Sọ́ńdè, 24 Júùnù

Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ lónìí.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò ti sí iná, bí kò bá sì sí iná, Raheem kò lè jó irin. Oníbàárà tó ti sanwó géètì wá, Hamdalah sì sọ fún un pé ọkọ òun ń sùn nínú ilé. Lójú Raheem, ó yẹ kó ti sọ pé kò sí nílé. Èmi wà lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń ṣe omi ìwẹ̀ gbóná, mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń gbọn ẹní ni. Ìgbà tí ọmọ figbe ta ni mo tó mọ ohun tí mo ń gbọ́.

Mo sáré kan ilẹ̀kùn. Raheem ló ṣí i. Ojú rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ tutù. "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ jẹ́ n lọ ra àkàrà wá fún yín." Lẹ́yìn rẹ̀, Hamdalah jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, gèlè rẹ̀ ti yí sí etí kan, ó ń fún ọmọ lọ́mú, omijé rẹ̀ sì ń kán sí ọmọ lórí.

Mo ní mo ti jẹun. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn! Ojú tì mí bí ẹni pé ọwọ́ tèmi ni mo fi nà án.

Mọ́ńdè, 25 Júùnù

Ìyá Esther bá mi nídìí kànga. Ó kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú òjò, ó kí mi kú ìtọ́jú ọmọ, mo ṣáà ń dúró de ibi tó ń lọ.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Nígbà tóyún wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Mo ti gbàdúrà, mo ti tan àbẹ́là títí. Ọkọ mi bá a sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Raheem ní kó lọ gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Gbogbo wa nínú kọ́ńpáùn yìí, ẹ̀yin là ń retí. A ní tí ìyá ẹ̀ bá ṣáà ti dé, ó máa tán."

Wọ́n ti ń retí mi, èmi kò sì mọ̀. Mo pọn omi mi wọlé.

Àlàrùbá, 27 Júùnù

Mo lọ bá Raheem ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì bi í. Kò jiyàn. Ó ń fọwọ́ pa irin kan tí kò ní nǹkan lára.

"Ẹnu ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ò mọ ẹnu ẹ̀ ni."

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ káàárọ̀ pẹ̀lú ẹ ṣé ló wà níbẹ̀."

"Mi ò mọ bó ṣe máa ń ṣe mí. Tó bá ti kọjá, ó máa ń dùn mí."

Mo gbà pé ó ń dùn ún. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run foríjìn ín, tí inú bá bí i, a gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di Ìkòtún, kò sì ní padà títí ìbínú yóò fi rọ̀. Kò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí láyé rẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí ọmọ yìí ti kọ́ ọ, n kò rí i. Ìbá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní mo rí i.

Sọ́ńdè, 1 Júláì

Mo mú Bọ̀dá Ọláìtán wá láti Ìkòtún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun sì ni olórí ẹbí wa. Ó bá Raheem wí débi tí òógùn fi ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. "Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún ẹ kó o fi jó irin lo fi ń na ọmọ ọlọ́mọ!" Raheem ní òun jẹ̀bi.

Èmi ni mo mú àbá wá pé kó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, lójú gbogbo wa. Bọ̀dá Ọláìtán kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀, kò sí ibi tí wọn kì í ti í ṣe ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi ṣì wà bó ṣe wà. Raheem wò mí. Lẹ́yìn náà ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Hamdalah, jọ̀ọ́."

Hamdalah fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó ń fa apá rẹ̀. "Ẹ dìde, mo ti gbọ́. Màmá, ẹ ní kó dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ojú ló ń tì í nítorí ọkọ rẹ̀. Mo tún sọ fún un pé kó jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀.

A jẹ ẹ̀bà, Bọ̀dá Ọláìtán sì gbàdúrà. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Ọ̀rọ̀ ilé, inú ilé náà la ti ń parí rẹ̀.

Àlàrùbá, 4 Júláì

Àná ni mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní òjò ń jò sí ọjà lórí. Mo sùn sí Akówonjó. Ọ̀rọ̀ ti parí, kí ló ń lé mi?

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án òní, Ìyá Esther ló pàdé mi lójú ọ̀nà, Sàlàkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má tiẹ̀ wọlé. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ máa lọ."

Apá òsì Hamdalah kán. Ètè rẹ̀ ya. Orí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń dúró de dókítà ló ti sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi. Ó ní Raheem ti ilẹ̀kùn, ó ní kí òun dọ̀bálẹ̀ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún òun, kí àyà òun kan ilẹ̀. Òun bẹ̀ ẹ́ pé ikùn òun ṣì ń dun òun. Ó ní kí òun dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí òun dùbúlẹ̀ tán, ó gun apá òun. "Ó ní, 'Ìyá mi rí mi nílẹ̀ nítorí tìẹ.'"

Èmi ni mo ní kó pẹ́ nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wá, ọmọ kékeré ni, ojú rẹ̀ le. "Kí ló ṣe é? Tó bá jẹ́ ọkọ ẹ̀ ló nà án, ẹ sọ fún wa, ká mọ ẹni tá a máa pè." Hamdalah gbójú sókè, ó wò mí. Mo fojú inú rí Raheem nínú àhámọ́, mo rí i kedere, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn.

Mo ní, "Ó ṣubú ni. Ní bàlúwẹ̀."

Hamdalah pa ojú rẹ̀ dé. N kò lè kọ ju báyìí lọ.

Jímọ̀, 6 Júláì

Hamdalah ti lọ. Mo lọ pọn omi ìwẹ̀ ọmọ, nígbà tí mo fi máa dé, yàrá ti ṣófo. Ìyá Esther ló bá a gbé ẹrù dé ibi mọ́tò Àgbàdo. Aṣọ ọmọ nìkan ló kó. Ó ti fi ọwọ́ kan tó kù fọ abọ́ tí mo fi jẹun láàárọ̀, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

Mo jókòó ti omi náà títí ó fi tutù.

Mọ́ńdè, 9 Júláì

Mo padà sí Akówonjó. Kẹrosíìnì ti di ogóje náírà lítà kan. Ọjà kò tà.

Àlàmísì, 12 Júláì

Mo gbọ́ ẹkún ìkókó láti ìsọ̀ kejì, mo sì dìde. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Sọ́ńdè, 15 Júláì

Raheem wá. Ó ti rù, irùngbọ̀n bò ó lẹ́nu. Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sunkún bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Ó ní bí ìyàwó òun bá padà, òun kò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ó ní èmi nìkan ni mo lè bá òun mú un wá.

Mo se ìrẹsì fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọmọ mi ni. Bí mo ti ń fọ ọ́ ni mo ń bínú sí i, bí mo ti ń bínú sí i ni mo ń wò ó bóyá ó yó.

Jímọ̀, 20 Júláì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ló ti fò sókè bí ìṣe wọn. Bọ̀dá Ọláìtán pè mí lórí fóònù pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ kejì la máa lọ bẹ àwọn ará Àgbàdo. Mo ní ṣé dandan ni kí n bá wọn lọ? Ó ní, "Ìwọ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ. A kì í kọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Tó o bá ti kúnlẹ̀, ó parí."

Òótọ́ ló sọ. N kò tíì rí bàbá ìyàwó tó fi ìyá ọkọ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó sì sọ pé rárá.

Àlàrùbá, 25 Júláì

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Raheem nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún mi. Mo fẹ́ kí ilé rẹ̀ tòrò. Mo fẹ́ máa gbé Sàlàkọ́ pọ̀n lọ sọ́jà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa bá mi ṣeré. Bí mo bá kúnlẹ̀, wọn yóò dá a padà. Ohun tó ń dà mí láàmú kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ wo ni wọn yóò tún pè mí pé kí n máa bọ̀ ní ọsibítù? Àbí kò tiẹ̀ ní jẹ́ ọsibítù?

Mo kírun títí, n kò gbọ́ èsì kankan.

Sọ́ńdè, 29 Júláì

A lọ sí Àgbàdo, Bọ̀dá Ọláìtán, Raheem àti èmi. A mú dàbínù àti páálí ṣúgà dání fún ìṣínu wọn. Bàbá Àmúsà fi bẹ́ǹṣì fún wa níwájú ìsọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́ pákó. Hamdalah dúró sẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ wà nínú POP, ó fi apá kejì gbé ọmọ mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ kí mi láti ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wa.

Bọ̀dá Ọláìtán sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì tún ń parí ẹ̀. Ó ní a kò wá jàre, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, nínú oṣù tí Ọlọ́run ń foríjini. Ó wá ṣẹ́jú sí Raheem. Raheem ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí pàǹtí pákó, ó sì wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń kóra jọ. Obìnrin kan ní, "Ọkùnrin tó lè dọ̀bálẹ̀ báyìí, ó ti ronú jàre." Bàbá Àmúsà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Hamdalah nìkan ni kò wo ẹni tó wà nílẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá Àmúsà yíjú sí mi. "Ìyá Raheem, ìyá ẹ̀ ò sí láyé tí mo lè bi. Ẹ̀yin lẹ bá wọn gbélé, ẹ̀yin lẹ wẹ ọmọ. Ohun tẹ́ ẹ bá wí ni màá ṣe. Ṣé kí n dá a padà fún yín?"

Bọ̀dá Ọláìtán fi ìgúnpá tọ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe mí kanlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má fún wa."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ má fún wa. Ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ó ti ṣe é rí, èmi ni mo ní kó ṣe é. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi mú Hamdalah dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gun apá ẹ̀ títí ó fi kán. Kò ṣubú ní bàlúwẹ̀ kankan. Èmi ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ṣubú, irọ́ ni mo pa. Èyí tó ṣe lónìí, lójú gbogbo àdúgbò, ara ta ló ti máa gbà á padà tá a bá délé?"

Raheem gbé orí sókè láti ilẹ̀. Ó ní, "Màmá." Pàǹtí pákó lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n, ọwọ́ mi sì fẹ́ lọ gbọ̀n ọ́n kúrò.

Bọ̀dá Ọláìtán dìde. "Sìdíkátù! Ìyàwó ilé ni ẹ́ o! Ta ló rán ẹ nírú iṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

Bàbá Àmúsà fà mí dìde. Lẹ́yìn náà ó gbé ṣúgà àti dàbínù wa, ó rọra kó wọn padà síwájú wa. Bọ̀dá Ọláìtán àti Raheem wọ mọ́tò, wọn kò dúró dè mí.

Àtàláátà, 31 Júláì

Mo pe Raheem lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń pa á.

Jímọ̀, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Hamdalah ní kí n máa bọ̀, mo sì lọ. Mo wẹ Sàlàkọ́. Ó ti wúwo, ọrùn rẹ̀ ti ń le, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí mi lójú. Raheem gẹ́lẹ́ ni. Hamdalah fi ọwọ́ kan bá mi bu omi. A kò sọ ohun púpọ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Màmá, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ." Mo ní ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ọsibítù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò fi dídùn sí i, n kò sì retí rẹ̀.

Sọ́ńdè, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìtunu ààwẹ̀. Òjò rọ̀ díẹ̀ ká tó kúrò ní Yídì. Mo se ìrẹsì ju bó ti yẹ lọ, nítorí ìkòkò ọdún kan náà ni mo gbé kaná, n kò ro ti pé èmi nìkan ni.

Ọ̀sán ni Bọ̀dá Ọláìtán wọlé, pẹ̀lú léèsì tuntun lọ́rùn. Kò jókòó dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ọdún, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní òun kò wá jẹun, Raheem ló rán òun níṣẹ́.

"Ó ní òun ò ní ìyá mọ́. Ó ní lọ́jọ́ tó o bá kú, kí wọ́n má ránṣẹ́ pe òun. Òun ò ní wá, òun ò sì ní bu erùpẹ̀ sí sàréè ẹ."

Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí. Ó wọ̀ mí. Mo sunkún, n kò nu ojú.

Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀. "Ṣé o rí ohun tó o fọwọ́ ara ẹ fà? Ọmọ kan ṣoṣo, Sìdíkátù. Ta ló máa sin ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ bá mi kí i kú ọdún. Ẹ ní mo gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀ wà láàyè, ọmọ ẹ̀ wà láàyè, òun náà sì ń sùn nílé ara ẹ̀, kò sí lẹ́wọ̀n. Kò tíì sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá wá jẹ́ èmi ni màá kọ́kọ́ kú, kí ẹni tó bá wà nítòsí sin mí."